Ìlẹ̀kùn Tí Kò Ní Ìhà Kejì

Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ igi ọdán mi yìí, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi gba igbá omi. Mo rí ojú tí àwọn kan ṣe níbẹ̀ yẹn. Ẹ ń sọ nínú yín pé bàbá yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi mí sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ nínú ooru gangan yìí, kó jókòó dáadáa, kó pa ẹnu mọ́, kó má sì dá mi lẹ́nu kò.

Tíṣà Ọ̀ṣúnyẹmí, mo kí ọ. O kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ wá, o ní wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ayé kan tí èèyàn máa gbé sójú, tí yóò sì máa rí odò níbi tí kò sí odò. O ní ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn. Ojoojúmọ́ lo ń bi wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá ọ lóhùn pé kò sí wàhálà, síbẹ̀ o ò rí nǹkan kan tó dúró. Mo gbọ́ ohùn rẹ láti ẹnu ọ̀nà bí o ṣe ń jágbe mọ́ wọn. Ọrùn ọwọ́ ló ti dùn mí.

Èmi Ọdẹ́ṣínà yìí, kò sí ẹni tó ń pariwo tó mi nígbà tí mo lágbára. Mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹkùn ń yà fún mi lọ́nà. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, o rò pé irọ́ ni? Lọ bi ẹkùn. Bí mo bá húkọ́ ní ìsàlẹ̀ odò, àwọn tó ń wẹ̀ lókè á kó aṣọ wọn. Ohùn yẹn náà ló ba ayé mi jẹ́, ẹ máa gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, nínú igbó kan tí àwọn baba wa ní ká má dé, mo rí àpótí kékeré kan lórí kùkùté igi. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní okùn tí wọ́n lè fi so ó mọ́ orí. Àwọn iwin ló sá a sóòrùn. Ọdẹ tí orí rẹ̀ pé á sá kúrò níbẹ̀. Èmi gbé e, mo ń súfèé lọ sílé.

Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Baálé mi, kí lẹ tún gbé dé yìí?"

Mo ní, "Gbé e sójú, kí o wo nǹkan."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ ibi tó ti wá."

Mo ní ojo ni. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi dè é mọ́ ọn lórí, mo sì ta á ní kókó méjì. Lákọ̀ọ́kọ́ ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Odò rèé! Ẹ wo igi, ewé wọn ń tàn!" Inú mi dùn, mo ń yan kiri àgbàlá bí ẹni tó dá odò náà fúnra rẹ̀. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó tó báyìí. Ẹ tú u." Mo tú okùn, àpótí ò kúrò. Mo fà á, awọ ojú rẹ̀ ń bá a bọ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Baálé mi, ibo lẹ wà? Mi ò rí yín mọ́ o. Ẹ dá mi lóhùn!" Iwájú rẹ̀ ni mo dúró sí, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo ń ké, kò gbọ́ mi. Kí ọ̀sán ọjọ́ náà tó rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wọlé pátápátá. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń mí, ṣùgbọ́n kò jẹ, kò mu, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ ń bọ̀ lórí ẹní bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé.

Mo gbé o! Ẹ̀rù bà mí.

Mo pọ̀n ọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èmi ọkùnrin, mo fi ọ̀já pọn ìyàwó mi bí ọmọ ọwọ́, mo gbé ìbọn lé èjìká, mo sì kọrí sí igbó tí mo ti jí àpótí náà gbé, pé ẹni tó ni ín kò ní í jìnnà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbá mi ní ìbàdí bó ṣe ń rìn nínú ayé tí èmi ò rí. Mo ń sunkún, mo ń bú ara mi, mo tún ń bú òun náà pé kí ló dé tó gbà fún mi. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn.

Níbi tí ọ̀nà ti fún, ọkùnrin kan dúró tó ga tó ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ sì wà ní ìpàkọ́. Adínà ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Ọdẹ, kí lo ṣe lánàá?"

Mo ní, "Mo gbé ohun tí kì í ṣe tèmi."

"Kí lo fẹ́ ṣe lónìí?"

"Mo fẹ́ gba ìyàwó mi sílẹ̀."

"Kí ló dí ọ lọ́nà?"

Mo fọwọ́ sọ̀yà. "Èmi Ọdẹ́ṣínà? Ta ni wọ́n bí tó máa dí mi lọ́nà? Kò sí!"

Ó rọra tú Àwẹ̀ró kúrò lẹ́yìn mi, ó tẹ́ ewé, ó gbé e lé e. Lẹ́yìn náà ló wá gbé èmi lu ilẹ̀. Ó tún bi mí, mo tún ní kò sí, ó tún gbé mi lu ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, eyín mi méjì sì wà níbẹ̀ dòní. Ìgbà kẹrin, mo wà lórí ilẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu mi, mo wo Àwẹ̀ró lórí ewé, mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìwọ ni! Ìwọ lo dí mi lọ́nà! Apá mi ò ká ọ!"

Ó yà kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ò lè tètè sọ bẹ́ẹ̀ ni?" Ó bá mi gbé e pọ̀n padà. Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n níbẹ̀, mi ò kọ́ ọ.

Ibi tí mo já sí ni ìlú Agbáyélójú. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Ọmọ iwin ni gbogbo wọn, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dá odidi ayé sínú àpótí tí èèyàn ń gbé sójú. Olùkọ́ wọn ni Afẹ̀sọ̀ṣe, ìyá arúgbó kan tó ní ojú mẹ́ta, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ tuntun ń sùn nítòsí. Ó wo àpótí tó wà lójú ìyàwó mi, ó mi orí.

"Iṣẹ́ àwọn ọmọ mi ni. Wọn ò tíì parí ẹ̀. Wọ́n ti ṣe igi, wọ́n ti ṣe odò, wọn ò tíì ṣe ìlẹ̀kùn tí èèyàn máa gbà jáde."

Mo ní, "Ìyá, ta ló ń kọ́lé láìṣe ìlẹ̀kùn?"

Ó ní, "Ìlẹ̀kùn ò wu ẹnikẹ́ni nínú wọn í ṣe. Igi ló wù wọ́n. Ọdẹ, fetí sílẹ̀. Ẹni tó bá há sínú ayé tí kò tíì parí, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ara rẹ̀ lè dúró dè é. Òfin wa níhìn-ín sì ni pé ẹni tó nílò iṣẹ́ ló máa dúró ti àwọn tó ń ṣe é. Ìwọ ni olórí wọn láti òní lọ."

Ó fi ìlànà wọn hàn mí. Ní àràárọ̀, gbogbo wọn á dúró níwájú ògiri kan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó, kí ọ̀rọ̀ má baà gùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ìbéèrè Adínà náà ni: kí lo ṣe lánàá, kí lo fẹ́ ṣe lónìí, kí ló dí ọ lọ́nà. Wọ́n pín ògiri náà sí ọ̀nà mẹ́ta. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ewé tútù tirẹ̀. Ewé iṣẹ́ tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn wà lápá òsì, èyí tó wà lọ́wọ́ wà láàárín, èyí tó parí wà lápá ọ̀tún. Iṣẹ́ tó bá há, ewé rẹ̀ á pọ́n, á sì gbẹ. Ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, wọ́n á fi ìba ohun tí wọ́n bá ti ṣe han ẹni tó nílò rẹ̀, ì báà má pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré la ní láti fi hàn.

Mẹ́ta ni àwọn ọmọ tí wọ́n fún mi. Ọ̀ṣọ́lewé ló ń kun ewé àti igi. Dúnmọ́létí ló ń ṣe ohùn omi àti ẹyẹ. Ọmọbìnrin kan tó rí pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, Dákẹ́jẹ́, ni wọ́n gbé ìlẹ̀kùn fún, torí pé òun ni kò lè sọ pé òun ò ṣe.

Àárọ̀ àkọ́kọ́, Ọ̀ṣọ́lewé ní òun kun ewé lánàá, òun á kun òmíràn lónìí, kò sí ohun tó dí òun lọ́nà. Dúnmọ́létí sọ tirẹ̀. Ó kan Dákẹ́jẹ́.

Ó ní, "Bàbá, mo gbé ìlẹ̀kùn náà ró lánàá, kò ṣí. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Apá mi ò ká a."

Háà! Ẹ̀yin èèyàn, ṣe ni ẹ̀jẹ̀ gun orí mi. Mo bú mọ́ ọn débi pé ewé ń já lára ògiri. "Apá rẹ ò ká kí ni? Ṣé ìyàwó mi ló máa kú kí apá rẹ tó ká a? Ọ̀lẹ! Bí o bá tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí, màá yìnbọn fún ọ!" Ọmọ náà mú ewé rẹ̀ tó já, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ògiri, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì mo bi í pé kí ló dí i lọ́nà. Ó wo ilẹ̀. "Kò sí wàhálà, bàbá."

Inú mi dùn. Mo lọ fọ́nnu fún Afẹ̀sọ̀ṣe pé ṣé ó rí bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí. Ó kàn ní, "Ọdẹ, ewé rẹ̀ tó wà láàárín ti ń pọ́n." Mo ní ewé kì í ṣe ìṣòro mi.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n fún mi ní awò kan tí èèyàn fi ń yọjú wo inú ayé náà láìhá síbẹ̀. Mo rí Àwẹ̀ró! Ó jókòó sétí odò, ó gbá eékún mọ́ra. Mo ké sí i, mo ké títí ọ̀fun mi fi bó. Ó dìde, ó sá lọ jìnnà sáàárín igi. Mi ò mọ ìdí. Mo bi wọ́n nípa ìlẹ̀kùn, gbogbo wọn ní ó ti ń parí, bàbá, kò sí wàhálà. Mo gbà wọ́n gbọ́, torí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni.

Ọjọ́ kẹwàá, ìlẹ̀kùn dúró gbọnyin létí odò. Ọ̀ṣọ́lewé ti fín in, ó ti kun ún, ó dára ju ìlẹ̀kùn ààfin lọ. Mo fò sókè. Mo jó. Lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi ti rù débi pé mo lè ka egungun ìhà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dẹ́kun àti máa rìn. Èmi ń jó. Àwọn ọmọ náà ń wo ara wọn, ẹnikẹ́ni ò bá mi jó.

Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Nígbà yẹn mi ò jẹun mọ́, omi ni mo fi ń kán ètè Àwẹ̀ró, kò sì gbé e mì. Mi ò lè dúró de ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mọ́, mo ní kí wọ́n fi hàn mí lọ́jọ́ yẹn. Mo yọjú wo inú, mo ní kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i. Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn náà, odò kan náà ni. Igi kan náà. Ìlẹ̀kùn náà ò lọ síbì kankan. Kò ní ìhà kejì. Àwẹ̀ró mi wọ́ ẹsẹ̀ débẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà náà kọjá, ó bá ara rẹ̀ létí odò, ó padà, ó tún gbà á kọjá. Ìgbà kẹta ó jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn náà, ó sì fi orí ti òpó.

Mo bú sí igbe. Mo fa ìbọn yọ, àwọn ọmọ náà fọ́n ká, wọ́n wọ igbó. Mo gbé ìdí ìbọn sókè láti fọ́ àpótí náà mọ́ ọn lójú. Afẹ̀sọ̀ṣe ní, "Bí o bá fọ́ ọ, ìyàwó rẹ lo fọ́." Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé orí Àwẹ̀ró lé itan, mo sì sunkún títí omi ojú mi fi tán. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Kò gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo lọ dúró níwájú ògiri. Ẹnikẹ́ni ò wá. Gbogbo ewé tó kù tutù, ewé Dákẹ́jẹ́ ti gbẹ pátápátá. Mi ò mọ ohun tí èèyàn tún lè ṣe, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè náà fúnra mi, sókè, bí wèrè.

Mo ní, "Lánàá, mo gbé ìbọn sí ọmọ ọlọ́mọ. Lónìí, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ohun tó dí mi lọ́nà ni ẹ̀rù. Ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ tí mo dé, ariwo ni mo sì fi ń bò ó. Èmi ni mo jí àpótí yìí gbé. Èmi ni mo dè é mọ́ ọn. Ó ní òun ò fẹ́, mo pè é ní ojo. Apá mi ò ká a. Ẹ gbà mí." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ògiri tí kò sí ẹnì kankan.

Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Dákẹ́jẹ́ ni. Ó dúró jìnnà sí mi. "Bàbá, apá mi ò lè ká odidi ìlẹ̀kùn láéláé. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ihò ni mo lè ṣe, ihò kékeré, tó gba ọwọ́ kan."

Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ?"

Ó ní, "Mo sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Adínà gbé mi lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò dùn mí tó ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sọ ọ́. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, lójú gbogbo wọn.

Ó pe àwọn méjì yòókù jáde. Wọ́n ṣí gbogbo ewé lára ògiri, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù: ihò tó gba ọwọ́. Ọ̀ṣọ́lewé ju ọ̀dà nù, Dúnmọ́létí pa ohùn odò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dorí kọ ọ́. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ihò yọ níwájú àpótí náà. Kò dán, kò lẹ́wà, ó rí wúruwùru. Dákẹ́jẹ́ di apá mi mú.

"Bàbá, a ò tíì dán an wò. Ó lè pa dé."

"Ẹ jẹ́ kó pa dé."

"Ẹ má sì pariwo. Ẹ pè é jẹ́jẹ́. Tí ẹ bá ti ń pariwo, bí àrá ló ń dún lọ́hùn-ún. Òun ló ń mú kó máa sá."

Ẹ gbọ́ bí! Láti ọjọ́ yìí wá, ohùn mi ni ìyàwó mi ń sá fún. Mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ihò náà, mo sì fẹ́ pè é, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn jẹ́jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbìyànjú. "Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró mi. Èmi ni. Má bínú." Afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́. Ó pẹ́. Ọwọ́ kan tó tín-ín-rín kan ìka mi, ó kúrò, ó padà wá, ó di mí mú.

Mo fà á. Ara rẹ̀ lórí ẹní gbọ̀n, àpótí náà sì já kúrò lójú rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ihò náà pa dé mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò dùn mí rárá. Mo rí i pé ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ìyàwó mi tó la ojú. Ó ní, "Baálé mi, omi." Mo fi ọwọ́ òsì bu omi fún un. Obìnrin tó ti ń bu omi fún yín láti ìgbà tí ẹ ti dé, òun ni.

Ẹ wò ó. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ṣì wà lọ́hùn-ún, nínú àpótí, mo sì ń mọ̀ ọ́n lára. Àwọn ọmọ iwin náà ti sọ ọ́ di ara ìlànà wọn. Ní àràárọ̀, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé á tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí apá rẹ̀ ò ká a á tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà á sì rọra fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, kó lè mọ̀ pé mo gbọ́, pé mi ò bínú. Lónìí, ẹni méjì ló tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè yìnbọn mọ́, ẹkùn sì ti dẹ́kun àti máa yà fún mi.

Ìwọ ọmọbìnrin tó fara pamọ́ sẹ́yìn Tíṣà, mo ti ń wò ọ́ láti ìgbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn. Kí ló dí ọ lọ́nà nínú iṣẹ́ yín? Tíṣà, pa ẹnu dé. Mo ní kí o pa ẹnu dé. Wo ọrùn ọwọ́ mi.

Máa sọ ọ́, ọmọ mi. Ẹ̀n? Apá rẹ ò ká a? Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

O ṣeun. O ṣeun gan-an. Wá síbí, kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má bínú pé ọwọ́ òsì ni.